Àfòpiná Kékeré Inú Òtílí Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè gba abẹ́ igi òtílí kọjá láìtẹrí ba, ẹ̀yìn ọ̀nà tó ti Warri lọ sí Sapele ni à ń gbé. Ilé onípáànù kan ni, kò ga, kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Lónìí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà lórí ẹ̀yìnkùlé náà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì ń tún fóònù ṣe níwájú rẹ̀. Bí ẹ bá dúró níbẹ̀, ẹ ò ní gbà pé ewéko kankan hù níbẹ̀ rí, nítorí sìmẹ́ńtì ni láti ẹsẹ̀ ògiri dé etí títì. Èmi tí mo mọ ibẹ̀, n kì í fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí ti tó ọgọ́ta ọdún nínú mi. Ẹ má retí ìtàn ìjàpá. Ẹ má sì retí kí n fi ara mi hàn yín bí ọmọ dáadáa. Gbogbo àgbàlagbà tó bá ń sọ ìtàn èwe rẹ̀ ló máa ń jẹ́ ọmọ tó gbọ́ràn, tó ń jí ní kùtùkùtù, tó ń ṣe ipò kìíní ní kíláàsì. Ibo wá ni àwọn ọmọ burúkú ìgbà náà lọ? Ọ̀kan nínú wọn ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin kan ló tú ọ̀rọ̀ náà síta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì, wọ́n sì ní kí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ wo àwọn kòkòrò tó ń ba irè oko jẹ́ lápá Aladja. Nígbà tó dé, ó gbé ìgò kékeré kan síwájú mi. Ọmọ yìí gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ sí i, Pidgin ni yóò fi fèsì. Mo ti bá a jà títí, ó ti sú mi.

"Mama, see this one," ó ní. "E small, but e fine die."

Mo wọ gíláàsì mi. Kòkòrò inú ìgò náà kò gùn ju èékánná ọmọńdinrín mi lọ. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti koríko gbígbẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì na apá méjèèjì sọ́tùn-ún àti sósì bí ẹni tó fẹ́ sá aṣọ sórí okùn. Ẹni tí kò bá wò ó dáadáa yóò ní ẹ̀fọn ni. Ọmọ náà ní kì í ṣe ẹ̀fọn, pé ẹ̀yà àfòpiná kan ni, pé bó bá tẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, èèyàn á rí i pé ó là sí wẹ́wẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Ó ní kì í ṣe gbogbo ewé ló ń jẹ. Òtílí ni, àti oríṣi ẹ̀wà kan tó máa ń fà, àti òdòdó igbá. Níbi tí irú àwọn nǹkan wọ̀nyí kò bá sí, òun náà kò ní sí níbẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Mama, how you take know am?"

Mo dìde, mo wọ yàrá lọ, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ. Ọmọ agbègbè Ọ̀yọ́ ni bàbá mi, òun àti ìyá mi sì ń ta ẹ̀wà àti àlùbọ́sà ní ọjà Pessu. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni wọ́n ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wọlé, ohùn á sì ti há mọ́ wọn lọ́nà ọ̀fun nítorí ariwo ọjà náà. Ìyá tó bí bàbá mi ló ń tọ́jú wa nílé. Nígbà tí bàbá àgbà kú ni bàbá mi lọ mú un wá, ó ní kó wá sinmi lọ́dọ̀ wa. Ọdún kan péré ni ìyá àgbà gbà láti lò.

Kò gbọ́ Pidgin rárá. Ní Warri tí ẹ mọ̀ yìí, ẹni tí kò gbọ́ Pidgin ti di odi. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti mú èdè náà bí ọmọ bíbí ibẹ̀. Bí ìyá àgbà bá pè wọ́n láti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á ní "I dey come, Mama," wọ́n á sì ti sá jáde. Èmi nìkan ni mo máa ń dúró. Èmi ni mò ń bá a rajà, èmi ni mò ń túmọ̀ ohun tí ìyá Urhobo aládùúgbò wa bá sọ fún un. Bí mo bá ti ṣe nǹkan tó dùn mọ́ ọn, á fi oríkì mi pè mí, á kì mí lọ rẹrẹẹrẹ títí orí mi á fi wú. Ẹ̀yin tí wọn kò kì rí, ẹ ò lè mọ bó ṣe ń ṣe ọmọdé nínú. Mo fẹ́ràn obìnrin náà ju ìyá mi lọ, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Nígbà tó ń bọ̀ láti ilé, ó di irúgbìn òtílí mọ́ etí ìró rẹ̀. Òtílí ilé wọn kì í ṣe òtílí ọjà. Gbogbo ẹni tó bá ti se òtílí rí mọ̀ pé ó lè jẹ igi ìdáná tán kó má tíì jinná. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn obìnrin ilé baba rẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ìyá wọn láti ìran dé ìran, kíá ló máa ń rọ̀. Ó kọ ebè gbọọrọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, kí omi òjò Warri má baà mú gbòǹgbò rẹ̀ rà, ó sì gbin gbogbo irúgbìn náà láìṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ìyá Urhobo tó wà ní òdì kejì ọgbà, tí ìtàkùn igbá rẹ̀ ti fà bo ọgbà náà, dúró ń wò wá. Nígbà tí òtílí náà ga jù mí lọ, ó béèrè pé, "Mama, this your beans na tree?" Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà ní kí n sọ fún un pé ẹ̀wà tó bá níyì, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń dúró, kì í fà mọ́ ọgbà kiri. Nígbà tí mo sọ ọ́, ìyá Urhobo rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọgbà mú.

Awakọ̀ lọ́rì kan wà, ará ìlú wa, tó ń kó èlùbọ́ wá sí Pessu, tó sì ń kó edé àti ẹja gbígbẹ padà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ló ń wá, nítorí ọ̀nà kì í ṣeé gbà lójò. Nígbà tó dé lọ́dún náà, òtílí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rudi ni. Ó jíṣẹ́ tí àbúrò ìyá àgbà rán an. Iná ti jó àká ilé baba wọn, gbogbo irúgbìn ti lọ sí i, kò sí òtílí ilé wọn mọ́ níbì kan àfi èyí tó wà ní Warri. Bó bá ń bọ̀, kó mú un bọ̀. Awakọ̀ ní òun á tún wá nígbà tí ọyẹ́ bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ìyá àgbà ní ó dára bẹ́ẹ̀, pé òtílí á ti gbẹ nígbà náà, òun á sì bá a lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ ju ilé lọ. Ó ní ara òun kò le mọ́, òun kò sì fẹ́ kú síbi tí kò ti sí ẹni tó lè kì òun. Ẹ̀gbẹ́ bàbá àgbà ni kí wọ́n tẹ́ òun sí. "Ilé làbọ̀ sinmi oko," ni yóò wí, á sì mí kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní lọ láìmú òtílí dání. Nílé wọn, obìnrin tó bá mú irúgbìn ìyá rẹ̀ kúrò nílé, tí kò sì mú un padà, kò lẹ́nu láàárín àwọn obìnrin agboolé. Iná kò jó tirẹ̀, nítorí náà òun ni gbogbo wọn ń wò.

Mò ń gbọ́ gbogbo èyí, inú mi sì ń dàrú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Ó ní èmi náà á wá kí òun, pé òun á gbé mi pọ̀n lọ sódò bí mo tilẹ̀ ti dàgbà. Mo bẹ bàbá mi. Bàbá mi ní ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ìyá mi ní kí n lọ fọ abọ́.

Ojú ìyá àgbà ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà. Ó mọ̀ pé kòkòrò máa ń wọ ìrudi òtílí, ṣùgbọ́n kò lè rí i, ló bá fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́. Láràárọ̀, kí n tó lọ síléèwé, màá gbé agolo omi eérú, màá máa tú ìrudi àti òdòdó wò lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì máa ṣa àwọn ìdin tó bá wà níbẹ̀ sínú omi náà. Ìdin náà kéré, ó láwọ̀ ewé, irun funfun wẹ́wẹ́ sì wà lára rẹ̀. Bí èèyàn kò bá fara balẹ̀, á rò pé ara òdòdó ni. Bí mo bá ṣe tán, ìyá àgbà á béèrè pé, "Ṣé o ṣa gbogbo wọn?" Màá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Á gbé ọwọ́ lé mi lórí, á ní, "Ojú rẹ ò ní fọ́. Ire ni wàá máa fi rí."

Fún bí ọ̀sẹ̀ kan, òótọ́ ni mò ń sọ.

Lọ́jọ́ kan, mo rí ọ̀kan tó ti di àfòpiná. Ó dúró lábẹ́ ewé, ó na apá rẹ̀ méjèèjì, kò mira. N kò rí ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó sì lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo wà níbẹ̀ tí mò ń wò ó títí aago iléèwé fi lù. Ojú ọ̀nà iléèwé ni èrò náà ti bá mi, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn rántí ohun tó gbàgbé sílé. Bí òtílí kò bá so, ìyá àgbà kò ní lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé agolo mi, mo dúró láàárín òtílí, mo ń ka ìka ẹsẹ̀ mi, mi ò ṣa ẹyọ kan. Nígbà tó béèrè, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Ó tún gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó tún ṣàdúrà ojú yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán, nítorí ibi tí ó burú jù kò tíì dé. Fífi wọ́n sílẹ̀ kò tó mi. Mo ti rí i pé irú ìdin yìí kan náà wà nínú òdòdó igbá ìyá Urhobo. Nígbà tí mo bá ti iléèwé dé, tí ìyá àgbà bá ń sùn lọ́sàn-án, màá gba abẹ́ ọgbà bọ́ sọ́hùn-ún pẹ̀lú agolo gbígbẹ, tí kò sí omi eérú nínú rẹ̀. Màá ṣa ìdin lára igbá, màá sì gbé wọn wá sórí òtílí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìtọ́jú tí mo fi ń gbé wọn kalẹ̀, ẹ ò ní rí i lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun.

Ìyá Urhobo ká mi mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo rò pé ó ti parí fún mi. Ó wo inú agolo, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"So na you dey pick this thing comot for my flower?" ó ní. "You dey try, my pikin. God go bless you."

Ó wọlé, ó gbé àgbọn fún mi. Mo jókòó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, àwọn àfòpiná náà á máa fò jẹ́jẹ́ láàárín òtílí, wọn kì í ga, wọn kì í jìnnà. Ìyá àgbà á gbé àpótí rẹ̀ síbẹ̀, á jókòó, á máa tẹ tẹ̀sùbáà. Wọ́n á fò kọjá níwájú rẹ̀, òun ò ní rí wọn. Èmi á rí wọn, inú mi á sì máa dùn. Bí ó ṣe rí gan-an nìyẹn. Mi ò lè wá pa á dà nísinsìnyí tí mo ti darúgbó.

Nígbà tí òtílí gbẹ, a kó o jọ sórí ẹní. Ìyá àgbà jókòó tì í láti àárọ̀, ó ń bó o. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ríran. Ó bó ẹyọ kan, ó fi ìka tẹ inú rẹ̀, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bó òmíràn, ó tún jù ú nù. Ihò wà lára wọn, inú wọn ti di ìyẹ̀fun. Nígbà tó ṣe, ó dáwọ́ dúró, ó kàn fi ọwọ́ méjèèjì sórí òkìtì èèpo náà. Èyí tó dára nínú gbogbo rẹ̀ kò kún ọwọ́ rẹ̀ kan.

Ni mo bá bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún irọ́. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí nìyẹn.

Ó fà mí mọ́ra. "Má sunkún mọ́," ó ní. "O gbìyànjú. Àràárọ̀ lo ń jí sí i. Kòkòrò ibí yìí ló pọ̀ ju agbára ọmọdé lọ." Ó ń fi ìdí ìró rẹ̀ nu ojú mi. Èmi ló ń ṣìpẹ̀ fún.

Bàbá mi ní kó mú ìkúnwọ́ náà lọ bẹ́ẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní ìkúnwọ́ kan ló kù láyé, bí eku bá rí i nínú lọ́rì ńkọ́, bí wọ́n bá gbìn ín tí kò hù ńkọ́? Ó ní òun á tún un gbìn níbí, níbi tí ojú òun wà, kó lè pọ̀, òun á sì lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí lọ́rì máa lọ, ó tẹ̀ lé wa dé Pessu. Ó fi òwú àti ọṣẹ rán awakọ̀ sí àbúrò rẹ̀, ó dúró lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń kó àpò ẹja, ó ń wo lọ́rì náà títí ó fi yà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lọ sílé. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo jẹun yó, mo sì ṣeré.

Òjò ọdún náà pọ̀. Kò pẹ́ tí òtílí hù ni ikọ́ dé sí ìyá àgbà. Wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù, ó fúyẹ́ díẹ̀, wọ́n gbé e bọ̀. Ó máa ń bi mí pé, "Òtílí ńkọ́?" Màá ní ó ń dàgbà. Ó máa ń béèrè pé ṣé òjò ti fẹ́ dá, bí ẹni pé èmi ni mò ń rọ̀ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn Àsùbáà, bàbá mi wọlé lọ kí i, kò jáde bọ̀rọ̀. Nígbà tó jáde, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́.

Àwọn àgbà mọ́sáláásí dé. Bàbá mi ní òun fẹ́ gbé e lọ sílé, pé ohun tó sọ nìyẹn. Wọ́n bi í pé ọ̀nà wo? Òjò ti gé e, bóyá ọjọ́ mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. A kì í fi òkú Mùsùlùmí pamọ́ kí ó máa dúró de ọ̀nà. Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀ náà, ó kàn fẹ́ kí ẹnì kan sọ ohun mìíràn ni. Kí wọ́n tó gbé e jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí kì í lẹ́nu ọ̀nà. Ó dé ìlà kejì tàbí ìkẹta, kò rántí èyí tó kàn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sí ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ nínú gbogbo àwa tó wà níbẹ̀, nítorí àwọn obìnrin ilé wọn ló mọ̀ ọ́n, apá Ọ̀yọ́ ni gbogbo wọn sì wà. Wọ́n gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Ìrun Alásàrí kò tíì pé tí wọ́n fi sin ín sí itẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí ní Warri. Bàbá mi gbà á bí kádàrá. Bẹ́ẹ̀ ló sì gbà á títí òun náà fi kú, torí mi ò sọ nǹkan kan fún un.

Ó ku òtílí. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí rudi lọ́dún náà, kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́, kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Mo ń jí ṣáájú àwọn òbí mi. Mo tú gbogbo òdòdó wò, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, mo ṣa ìdin títí omi eérú fi jẹ ìka mi lára. Bí mo bá rí àfòpiná, mo ń pa á. Òtílí náà so débi pé ẹ̀ka rẹ̀ tẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bàbá mi di ìdajì àpò kan, ó sì fi rán awakọ̀. Àbúrò ìyá àgbà ránṣẹ́ padà pé àwọn rí i gbà, pé òun gan-an ni, kíá ló rọ̀.

Òtílí délé. Ìyá àgbà ni kò délé.

Mo dé ilé náà lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo ti di ìyàwó ilé. Wọ́n se òtílí àti iṣu fún mi, inú wọn dùn sí mi gidigidi. Mo fi sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, mo sún abọ́ sẹ́yìn. Mo ní inú ń run mí.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ọmọ ọmọ mi nígbà tí mo jáde nínú yàrá. Nígbà tí mo dé ibi tí mi ò ti ṣa ìdin mọ́, ó ti ń mi orí. Ó ní kí n má dá ara mi lẹ́bi. "That thing dey enter inside before person see am, Mama. Even if you pick am every morning, e for still spoil plenty." Inú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀. Ó dùn kí ẹni tó lọ sí yunifásítì dá èèyàn láre. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ̀rọ̀ agolo gbígbẹ náà fún un pẹ̀lú.

Ó yíjú sí mi. "So na you carry am go put there?"

"Èmi ni."

"You be small pikin that time, Mama."

Mo ní ọmọdé ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Ó gbé ìgò rẹ̀, ó lọ ṣí i lẹ́yìnkùlé, kòkòrò náà sì bá tirẹ̀ lọ. Bóyá yóò rí ibi bà. Ta ló tún ń gbin òtílí lágbègbè wa? Àwọn tó ń fa igbá sórí ọgbà ti kú, àwọn ọmọ wọn sì ti fi búlọ́ọ̀kù mọ odi. Òtílí tí mo rí ní Pessu lóṣù tó kọjá, inú ọ̀rá ló wà, obìnrin tó ń tà á kò sì mọ orúkọ rẹ̀.

Mo ti lọ wá sàréè ìyá àgbà. Mo lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Itẹ́ náà ti kún, wọ́n ti sin àwọn mìíràn sáàárín àwọn ti àtijọ́, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ibi tí mo bá rí ni mo ń dúró sí láti ṣàdúrà. Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọ̀nà tó máa ń gé lójò, ọ̀dà ti wà lórí rẹ̀ báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòtò rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mọ́tò tó bá kúrò ní Warri láàárọ̀ á dé Ọ̀yọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ojoojúmọ́ ló sì ń lọ, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n sáré lọ sọ fún un.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ní àgbàlagbà nílé tó ń sọ pé òun fẹ́ relé, tí ẹ ń fi ìfẹ́ dá dúró, tí ẹ ń ní ó di oṣù tó ń bọ̀, ó di ẹ̀yìn ọdún. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀ ní tòótọ́, ẹ dìde, kí ẹ bá a di ẹrù.